Omi Àlùwàlá Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Bàbá

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé iná ti ń rìn lára ọkọ̀ Bàbá. Mo bu omi sínú ike, mo wá àkísà, mo sì ń nu ọkọ̀ Ìjàpá wọn bí mo ṣe máa ń nù ún ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀. Bí àkísà tútù náà ṣe kan etí ilẹ̀kùn, nǹkan kan bù mí ní ìka jẹ bí ìjàlọ. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé ọyẹ́ ni, torí nígbà ọyẹ́ aṣọ òtútù pàápàá máa ń ta èèyàn lára. Mo tún fi kàn án. Ó tún bù mí jẹ.

Mo lọ bá Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, nínú yàrá tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí látìgbà tí egungun ìdí wọn ti kán. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Mo ní sílípáàsì wà ńbẹ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Má bọ́ ọ," ni wọ́n wí.

Bàbá ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Àwọn tó wá kí wa ní ẹ̀mí wọn gùn, pé ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, kó má bàa jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kú nìkan ni àwọn ọmọ ilé wa máa mọ̀ nípa wọn. Mi ò lè kọ gbogbo ìgbé ayé wọn. Ọdún tí wọ́n bí wọn gan-an, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú mi rí ni màá kọ, màá sì rọra kọ ọ́.

Làsísì ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Ìjàpá ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹdẹ ń pè wọ́n, nítorí ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn roboto yẹn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá. Mẹkáníìkì iṣẹ́ ọba ni wọ́n ní Òṣogbo nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan sẹ́yìn ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ síbẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n ní: Ìjàpá yìí, Máàrísì kan tí kò ní ìjókòó, àti Pijó kan tí wọ́n rí lábẹ́ igi máńgòrò nínú oko kan nílùú Ara, tí adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Wọ́n kó ẹyin náà lé olóko lọ́wọ́ kí wọ́n tó fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ọkọ̀ náà ní pàǹtí. Olùkọ́ yunifásítì kan wá nígbà kan, ó fẹ́ ra Ìjàpá. Bàbá béèrè bóyá ó máa wà á. Ọkùnrin náà ní rárá o, iwájú ilé òun lòun fẹ́ gbé e sí, kí àwọn àlejò máa rí i wò. Bàbá ní kó mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, tíṣà, kẹ́ ẹ lọ gbé e kọ́ iwájú ilé."

Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ wọn, èmi obìnrin nìkan ni ìfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀ lára. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí wọ́n mú mi dúró sẹ́yìn Ìjàpá, tí wọ́n ní kí n dijú, kí n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tó ń tanná sí epo, ọ̀kan nínú wọn ò sì ṣiṣẹ́. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Bàbá ò yọ mí lẹ́nu. Wọ́n kàn tún béèrè, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì:

"Àwọn mẹ́rin ni mo pè, Àṣàkẹ́. Ta ni kò dáhùn nínú wọn?"

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo ń ta ọ̀dà ọkọ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, ọkọ mi kú, mo sì kó ẹrù mi padà sílé wa. Ojú ń tì mí. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún kì í fẹ́ fi báàgì ré ìloro bàbá rẹ̀ kọjá lójú gbogbo èèyàn. Bàbá wà lábẹ́ Pijó, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló yọ síta. Wọn ò tilẹ̀ jáde kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Ìwọ nìkan lo wá, àbí o mú ọ̀dà bọ̀?"

Wọ́n ní àṣà kan tí àwọn tí kò mọ̀ wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin. Ì báà ṣe géètì, ì báà ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ̀yìn ìka ni wọ́n máa fi kàn án fẹ́ẹ́ kí wọ́n tó dì í mú. Ìyá àgbà mi, kí àwọn náà tó kú, máa ń sọ pé ọkọ àwọn ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni ń wò bóyá ìkòkò ti gbóná. Bàbá ò ní dá wọn lóhùn. Èmi ni wọ́n ṣàlàyé fún pé bí iná bá wà lára irin, àtẹ́lẹwọ́ á ká mọ́ ọn, kò sì ní lè jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ni, ọwọ́ á fò kúrò fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kó o máa fi kí irin. Bó bá dá ọ lóhùn, má wọlé."

Jẹnẹrétọ̀ ò wọ ṣọ́ọ̀bù wọn rí. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Iná ìjọba ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n á sì ti to gbogbo irinṣẹ́ sórí ẹní bí ẹni ń retí àna. Ọjọ́ míì á kọjá, wọ́n á tún kó o padà sínú àpótí láìlò ó. Bí iná bá sì wá dé, wọ́n á kọ́kọ́ wo gílóòbù orí ilẹ̀kùn. Bó bá ń pọ́n dípò kó mọ́lẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Ara iná yìí ò yá," ni wọ́n máa ń wí, "ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sọ. Iná inú ilé ò lè gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin mọ́ irin, nítorí náà Bàbá fa wáyà tiwọn láti orí òpó tó wà lẹ́yìn ilé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò gba inú mítà kọjá. Wọ́n ní àwọn ti kọ ìwé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mànàmáná. Èmi ò rí ìwé náà rí, mi ò sì fẹ́ purọ́ nítorí òkú. Fíúsì tó yẹ kó já bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n ti fi wáyà kọ́pà tó nípọn dípò rẹ̀, torí ó ń já jù lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni ọ̀pá irin kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n so wáyà mọ́. Bí iná bá ṣìnà bọ́ sára ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa gbà wọlẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Bàbá wá gbé òkúta àlùwàlá wọn sí orí ọ̀pá náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń fi bútà dami síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pé ọkùnrin ilé kankan ò gbọdọ̀ ṣe àlùwàlá níbòmíràn. Nínú ọyẹ́ tó le jù, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rọ̀. Mo bi wọ́n nígbà kan, ní kékeré, ìdí tí wọn ò fi gbé òkúta náà síbi tí òjìji wà.

"Ilẹ̀ tútù ló ń gbé iná mì," ni wọ́n wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé.

Ẹni tí wọ́n jọ máa ń jà jù ni Bọ̀dá Sùlè, àbíkẹ́yìn wọn, àbúrò bàbá mi. Mi ò kọ èyí láti bà wọ́n jẹ́. Àwọn ló ń bọ́ Bàbá, àwọn ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọn ò kàn fẹ́ràn ọkọ̀ tí kì í rìn ni. Wọ́n máa ń sọ pé ilé àwọn ẹlòmíì ní òdòdó lẹ́yìn, tiwa ní ìpẹtà.

Inú ẹrọ̀fọ̀ ibi àlùwàlá yẹn ni ẹsẹ̀ Bàbá ti yọ̀, tí egungun ìdí wọn fi kán. Nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù, Bọ̀dá Sùlè da sìmẹ́ǹtì bo ibẹ̀, wọ́n sì ṣe ibi àlùwàlá tuntun síwájú ilé, ó ní ẹ̀rọ omi, ó ní táìlì. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, kí Bàbá má bàa tún ṣubú. Gbogbo wa yìn wọ́n. Èmi ni mo bu omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì náà.

Nígbà tí a gbé Bàbá dé lórí àga, wọ́n rí i. Wọ́n ní ká fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Bọ̀dá Sùlè bi wọ́n bóyá ìdí kejì ni wọ́n tún fẹ́ dá. Bàbá ṣàlàyé díẹ̀, wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín. Èmi ń retí kí wọ́n bínú, torí mo mọ̀ wọ́n. Wọn ò bínú. Nígbà tó ku èmi àti wọn nínú yàrá, mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ẹni tí wọ́n ń gbé dìde kì í pàṣẹ, Àṣàkẹ́."

Látìgbà náà, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń ṣe táyámọ́mù, wọ́n ń fi ọwọ́ pa òkúta gbígbẹ dípò omi. Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ abẹ́ sìmẹ́ǹtì gbẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo sọ yẹn, Bàbá pe Bọ̀dá Sùlè. Wọ́n ní kí wọ́n pa súìṣì ńlá tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n pe Tájù oníná, kí wọ́n sì fọ́ sìmẹ́ǹtì. Bọ̀dá pa súìṣì. Wọ́n pe Tájù, ó ní Ìbàdàn lòun wà, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní kí Tájù dé ná. Lọ́jọ́ Àìkú, omi tán ní ibi àlùwàlá tuntun. Ẹ̀rọ tó ń fa omi náà, wáyà Bàbá ló ń lò, torí òun nìkan ni iná rẹ̀ lágbára tó. Bọ̀dá tan súìṣì. Kí omi tó kún, wọ́n mú iná lọ, Bọ̀dá sì gbàgbé láti pa á padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wá ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀, mi ò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá ń wá tẹ̀sùbáà wọn. Mo rántí pé ó wà lára dígí inú Ìjàpá. Mi ò sọ fún wọn pé mò ń lọ mú un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán, ẹsẹ̀ mi tutù, mi ò wọ bàtà. Iná ò sí ní gbogbo àdúgbò, mo sì gbà pé súìṣì wà ní pípa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ di ilẹ̀kùn náà mú.

Àdúgbò hó. Bí wọ́n ṣe máa ń hó nìyẹn bí iná bá dé, àgbà àti ọmọdé. Inú ariwo ayọ̀ yẹn ni ọwọ́ mi ti ká mọ́ irin.

Mi ò lè pariwo. Mò ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Mo gbọ́ rédíò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nílé kejì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igi tó ń kan ilẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń wọ́ bọ̀, ó ń dúró, ó tún ń wọ́ bọ̀. Bàbá ò tíì dá rìn látìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù dé. Mo rò pé nígbà tí àdúgbò hó ni wọ́n pè mí, tí wọn ò gbọ́ ohùn mi. Ọ̀pá wọn ni wọ́n fi ń rìn. Ohùn wọn kò le rárá. Bí wọ́n ṣe máa ń bá ọmọdé tó fẹ́ gun ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ni.

"Dúró, Àṣàkẹ́, mo ń bọ̀."

Wọ́n ju ọ̀pá náà lù mí ní ọrùn ọwọ́, mo sì ṣubú sẹ́yìn. Ọ̀pá náà ló ti ń gbé wọn ró. Wọn ò ní nǹkan míì láti dì mú, wọ́n sì ṣubú síwájú, sórí irin tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé.

Bọ̀dá Sùlè ló sáré wọlé pa súìṣì. A gbé Bàbá tẹ́ sórí ẹní. Ojú wọn là, ó ń wá nǹkan kiri títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi.

"Bàtà rẹ dà?"

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì, Bàbá ti kú. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi ò lè ká dáadáa mọ́ títí di òní.

Tájù dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá wa lórí ẹní ọ̀fọ̀. Ó yẹ ṣọ́ọ̀bù wò. Eku ló ti jẹ ara wáyà ẹ̀rọ ìjórin, irin ẹ̀rọ náà sì fara kan irin tó gbé Ìjàpá dúró. Ó fọ́ sìmẹ́ǹtì. Erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dà bí èlùbọ́, ó ń fẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́. Ó bi mí bóyá ibẹ̀ máa ń tutù tẹ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbọn orí.

Ohun tó wá sọ lẹ́yìn ìyẹn ló gba oorun lójú mi. Ó ní súìṣì tí a pa, iwájú rẹ̀ nìkan ló sùn. Wáyà tó ti orí òpó wá sí ìdí súìṣì ò sùn, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ti gbó, orí páànù ló sì gbà kọjá. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo páànù yẹn lè di iná. Ó ní òun ò lè gun òpó. Àwọn iléeṣẹ́ mànàmáná nìkan ló lè gé e.

Bọ̀dá Sùlè ò gbà ká lọ síbẹ̀. Wọ́n ti rù gan-an. Wọn kì í wọ ẹ̀yìn ilé mọ́, wọn kì í sì í fọwọ́ kan súìṣì kankan nínú ilé, àwọn ọmọ ló ń bá wọn tan iná. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n dìde.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ bàbá mi sínú ìwé olè lẹ́yìn tí wọ́n ti kú?"

Ẹnu wo ni èmi tí mo bu omi po sìmẹ́ǹtì fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Mo fi okùn yí ẹ̀yìn ilé po. Mo ń lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi bí ẹni ń sá fún wèrè. Àwọn ará ilé ta Pijó àti Máàrísì fún àwọn tó ń ra irin. Ìjàpá ṣẹ́kù, torí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Mo máa ń dúró ní ọ̀ọ́kán wò ó. Ọ̀dà tí mo fi kùn ún ti ń ṣí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá kọ́ mi, ọwọ́ mi ò sì lè sún mọ́ ọn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wà lójú fèrèsé. Níbi tí wáyà ti wọ abẹ́ páànù, nǹkan búlúù kan tàn, ó ta pàà, ó kú, ó tún tàn. Àwọn ọmọ méjì ń wẹ̀ nínú òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo fa wọ́n wọlé ní etí, wọ́n ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí iléeṣẹ́ mànàmáná. Mo sọ pé wáyà kan wà lẹ́yìn ilé wa tí kò gba inú mítà kọjá, pé ó ti pa èèyàn. Akọ̀wé náà béèrè orúkọ ẹni tó fà á. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá gé e. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, wọ́n máa kọ orúkọ náà dandan.

Wọ́n wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọkùnrin méjì pẹ̀lú àkàbà. Ará ilé jáde. Bọ̀dá Sùlè dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ibi tí wọn ò tíì dé láti oṣù mélòó kan. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọkùnrin náà na ìwé kan sí mi, ó tọ́ka sí ibi tí orúkọ ẹni tó fa wáyà máa wà. Mi ò wo ojú Bọ̀dá. Ìka mi ò di bírò mú dáadáa, ó gba àkókò. Orúkọ tèmi ni mo kọ síbẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin náà kà á. Ó wo irun orí mi, ó wo òpó.

"Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ gun òpó yìí?"

"Èmi ni," mo ní.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú àwọn ará ilé, ó sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó fi í sápò. Èkejì gun òkè, ó gé wáyà náà. Wáyà náà já bọ́ sórí páànù, ó rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò ta, kò dún. Ọ̀gá wọn fi ẹsẹ̀ tì í kiri, ó ní kò séwu mọ́, ká lè máa ṣe bó ṣe wù wá níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bọ̀dá Sùlè ti wọlé. Mo dúró títí wọ́n fi ká wáyà náà tán, mi ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ ṣe níbẹ̀.